Ìránṣẹ́ Tó Ń Mú Wàrà Sọ̀kalẹ̀

Ẹ wo ọmọ màlúù yìí. Ó forí gún ọmú ìyá rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu, ó ń fà á. Ohun tó kọ́kọ́ rí kò tó nǹkan. Ẹ ṣe sùúrù bí ìṣẹ́jú kan... Ó ti dé! Wàrà ń dà, ó ti ń hó létí ẹnu rẹ̀.

Kí ló fa ìdádúró yẹn? Ọmọ ránṣẹ́ sí orí ìyá rẹ̀ ni, ó ń retí èsì.

Lábẹ́ ọpọlọ màlúù, kókó kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní pituitary. Bí ọmọ bá ti ń fa ọmú, iṣan ìmọ̀lára á gbé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ọpọlọ, pituitary á sì tú ìránṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní oxytocin sínú ẹ̀jẹ̀. Pituitary kọ́ ló ń ṣe é o. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ ló ń ṣe é, tí wọ́n ń gba ìrù wọn gígùn kó o wá síbẹ̀ fún ìpamọ́.

Inú àwọn àpò tíntìntín nínú ọmú ni èyí tó pọ̀ jù nínú wàrà wà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó lè sún kì bí iṣan ẹran sì dì mọ́ àpò kọ̀ọ̀kan. Bí oxytocin bá ti kàn wọ́n, wọ́n á fún àpò náà pọ̀, wàrà á sọ̀kalẹ̀.

Pẹ́pítáìdì ni oxytocin, ìyẹn ẹ̀wọ̀n kúkúrú ti ámínò ásíìdì, àwọn èròjà tí ara fi ń kọ́ purotéènì: 9 péré, tí a sín tẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀. Ibi tó yà mí lẹ́nu jù rèé. Inú pituitary náà ni ìránṣẹ́ mìíràn, vasopressin, ti ń jáde, ámínò ásíìdì 9 lòun náà ní, méjì péré ló sì fi yàtọ̀. Síbẹ̀, kíndìnrín ló ń lọ bá, kí ó má baà fi omi ara ṣòfò sínú ìtọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ méjì yí padà, iṣẹ́ yí padà!

Ní 1953, onímọ̀ kẹ́mísìrì Vincent du Vigneaud àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ ara wọn to oxytocin pọ̀. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì ní 1955. Oxytocin màlúù àti ti ènìyàn, ọ̀kan náà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fún wàrà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí ẹ bá pariwo mọ́ màlúù tàbí tí ẹ nà án, ìbẹ̀rù á tú adrenaline, ìránṣẹ́ tó ń jáde nígbà ìpáyà, sí i lára, wàrà ò sì ní sọ̀ bó ṣe yẹ. Oxytocin kì í sì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Nítorí náà, kí garawa ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ọmú láti fọ̀ ọ́.