Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Kí Ló Ń Ṣẹlẹ̀ Láàárín Ìkìlọ̀ Ojú Ọjọ́ àti Ẹsẹ̀ Tó Yẹ Kó Gbéra?

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, mo kí yín. Òwe kan ni mo fẹ́ fi ṣíde, kì í ṣe nítorí pé ó dùn létí, bí kò ṣe nítorí pé mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Bí a bá tú òwe yìí palẹ̀, a ó rí i pé ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí arọ náà tó lè yè: kí ìró ogun ti dé etí rẹ̀, kí ohun tó gbọ́ ti yé e, kí àkókò tó kù sì tó fún ẹni tí kò lè sáré. Níbi tí ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ ti wà tí àwọn ènìyàn sì tún ṣòfò, ó sábà máa ń jẹ́ pé ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló já.

Ìkìlọ̀ ìjì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìjọba kò tíì pẹ́ púpọ̀ láyé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1859, ìjì líle kan fọ́ ọkọ̀ òkun Royal Charter mọ́ àpáta ní etíkun Wales, nǹkan bí 450 ènìyàn sì bá a lọ. Robert FitzRoy, ọ̀gágun ojú omi tó ń darí ẹ̀ka ojú ọjọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, mọ̀ pé tẹlígíráfù, ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí wáyà, yára ju ìjì lọ: bí afẹ́fẹ́ bá ti ń jà ní èbúté kan, ọ̀rọ̀ lè dé èbúté mìíràn kí ìjì fúnra rẹ̀ tó débẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1861 ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́, wọ́n sì ń fa àmì sókè lórí òpó ní èbúté kí àwọn atukọ̀ lè rí i láti ọ̀nà jíjìn. Lónìí, sátẹ́láìtì àti ráda ti fún wa ní ojú tí FitzRoy kò ní, ṣùgbọ́n eré kan náà ni a ṣì ń sá: kí ọ̀rọ̀ dé ṣáájú afẹ́fẹ́.

Ọ̀rọ̀ lè má dé lásìkò. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Sípéènì gbé ìkìlọ̀ pupa jáde láàárọ̀ fún agbègbè Valencia. Aago mẹ́jọ alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú 11 ni ìkìlọ̀ tó dún lórí fóònù àwọn ará agbègbè náà, omi sì ti wọ ilé, ó ti gba òpópónà ní ọ̀pọ̀ ibi kí ó tó dún. Ó lé ní 220 ènìyàn tó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Àwọn onímọ̀ ti rí i, wọ́n sì ti sọ ọ́. Àárín ẹni tó mọ̀ àti ẹni tó yẹ kó mọ̀ ni ọ̀rọ̀ há sí.

Ọ̀rọ̀ sì lè dé kó má yé ni, èyí sì ni mo rò pé a kò fiyè sí tó. Nígbà tí ìjì Haiyan ń bọ̀ wá sí Philippines ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ará Tacloban pé afẹ́fẹ́ yóò ti òkun wọ ìlú. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe irú ìgbì bẹ́ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, “storm surge”, ni wọ́n lò, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ pé ohun tí orúkọ náà dúró fún ni omi tó lè ga ju àjà ilé lọ. Àwọn kan tó yè sọ lẹ́yìn náà pé bí wọ́n bá ti pè é ní sùnámì, orúkọ ìgbì òkun ńlá tí ìmìtìtì ilẹ̀ máa ń fà, àwọn ì bá sá. Ó lé ní 6,000 ènìyàn tí ìjì náà pa. Èmi kò rò pé a lè dá àwọn tó dúró lẹ́bi. Ẹni tó bá fẹ́ kìlọ̀ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí omi yóò ṣe, ibi tí yóò dé, àti wákàtí tí yóò dé, kó tó sọ orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ìwé.

Irú àìyéni yìí kan náà ló wà nínú àwọ̀ ìkìlọ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lo yẹ́lò, ọsàn àti pupa, àwọn ènìyàn sì máa ń ka yẹ́lò sí ohun tí kò kan ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, ìkìlọ̀ yẹ́lò lè túmọ̀ sí pé ewu ńlá wà lọ́nà, àmọ́ kò tíì dájú pé yóò dé. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé àwọ̀ náà. Àwọ̀ nìkan kò tó.

Ìdí mìíràn tí ènìyàn fi ń jókòó ti ìkìlọ̀ ni pé ó ti gbọ́ ọ rí, tí kò sì ṣẹ. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2011, tọ̀nédò, èyíinì ni ààjà ńlá tó ń yí po tó sì ń fa ilé tu, jà ní ìlú Joplin ní Amẹ́ríkà, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 150. Fèrè ìkìlọ̀ ti dún kí ó tó dé. Nígbà tí àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ náà wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ará ìlú kò tíì wá ibi ìsádi nígbà tí fèrè kọ́kọ́ dún: ó ti mọ́ wọn létí, wọ́n sì ń dúró de ẹ̀rí kejì, bíi kí wọ́n fojú ara wọn rí i tàbí kí tẹlifíṣọ̀n tún un sọ. Ìwà ẹ̀dá ni pé kí á wá ẹ̀rí kejì, kò sì burú bí ó bá gba ìṣẹ́jú kan péré. Nípa ìkìlọ̀ tí kò ṣẹ, bí wọ́n bá sọ pé ó ṣeé ṣe kí ìjì jà ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n ti sọ fún wa náà pé nígbà mẹ́ta nínú mẹ́wàá kò ní í jà. Kò sí irọ́ níbẹ̀.

Mo fẹ́ràn àpẹẹrẹ Bangladesh nítorí pé kì í ṣe owó ló gbé e dé ibi tó dé. Ìjì oṣù Kọkànlá ọdún 1970 pa ènìyàn tí iye wọn kò dín ní 300,000 níbẹ̀. Ní ọdún 1972 wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tí àwọn ará abúlé fúnra wọn ń yọ̀ǹda ara wọn fún: bí ìkìlọ̀ bá dé sórí rédíò, wọn á ta àsíá, wọn á gbé gbohùngbohùn, wọn á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n kọ́ ilé gogoro ìsádi sí etíkun pẹ̀lú. Ìjì Sidr ọdún 2007 ṣì pa ènìyàn tó lé ní 3,000, ẹ̀dùn ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹ fi wé ti ọdún 1970. Nígbà tí ìjì Amphan dé ní ọdún 2020, wọ́n ti kó ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì kúrò lọ́nà rẹ̀, àwọn tó kú ní Bangladesh kò sì tó 50. Ohùn aládùúgbò ẹni, lẹ́nu ọ̀nà ẹni, ni ẹ̀rí kejì tí àwọn ará Joplin ń wá.

Bí ewu bá ti wá dé ńkọ́? Omi ló ń tan ènìyàn jẹ jù, nítorí náà n ó dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Omi tó kún àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Nígbà tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá ń ṣàn, sẹ̀ǹtímítà 15 péré, tó kàn kọjá ọrùn ẹsẹ̀, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Sẹ̀ǹtímítà 30 lè gbé ọkọ̀ kékeré, 60 sì lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ, títí kan jíìpù. Awakọ̀ máa ń rò pé ìwúwo ọkọ̀ yóò dáàbò bo òun, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ló ń mú un léfòó. Ní Amẹ́ríkà, ó lé ní ìdajì àwọn tí omi àgbàrá ń pa tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni wọ́n wà. Ẹ̀wẹ̀, ẹni tó ń wo omi láti òkè kò lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tàbí omi ti wọ́ ọ lọ. Ẹ yí ọkọ̀ padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó wà níwájú yín ti kọjá.

Ní ti àrá, bí ẹ bá ti ń gbọ́ ọ, ẹ ti wà níbi tó lè dé nìyẹn. Òjò kò nílò láti kọ́kọ́ kàn yín lára. Ilé gidi tàbí ọkọ̀ onírin tó ní òrùlé ni ibi ìsádi, kì í ṣe abẹ́ igi, ẹ sì dúró níbẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìró tó kẹ́yìn. Ẹni tí àrá bá sán lù kì í mú iná dání. Ẹ lè fọwọ́ kàn án, ẹ sì gbọ́dọ̀ tètè ràn án lọ́wọ́ bí kò bá mí. Bí ìjì ńlá bá sì dákẹ́ lójijì, tí ojú ọ̀run mọ́, ẹ má jáde: ó lè jẹ́ pé àárín ìjì gan-an ni ẹ wà, afẹ́fẹ́ yóò sì tún dé láti òdìkejì láìpẹ́.

Lẹ́yìn tí ìjì bá lọ tí iná sì kú, ẹ̀rọ amúnáwá tún máa ń pa àwọn tí ìjì kò pa. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀. Kí ẹ̀rọ náà wà níta, ó kéré tán mítà mẹ́fà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ arọ inú òwe wa. Nínú ilé kan, ó lè jẹ́ bàbá àgbà tí kò lè sọ̀kalẹ̀ nínú àtẹ̀gùn, ó lè jẹ́ abirùn tí ẹ̀rọ oníná ń bá mí, ó lè jẹ́ adití tí kò ní gbọ́ fèrè. Ọ̀pọ̀ àjọ ojú ọjọ́ ń gbé ìkìlọ̀ jáde ní ìpele méjì: èyí tó ní kí á máa múra, àti èyí tó ní ewu ti dé. Bí irú wọn bá wà lọ́dọ̀ yín, ti ìpele àkọ́kọ́ ni kí ẹ kà sí àṣẹ ìgbéra fún wọn, kí ẹ sì ti yan ẹni tí yóò gbé wọn láti ìgbà tí ojú ọ̀run ṣì mọ́.