Bí A Ṣe Ń Sọ Kọ̀ǹpútà Ọ́fíìsì Tòkunbọ̀ Di Kọ̀ǹpútà Géèmù

Ẹ kú ìjókòó o. Èyí tó wà lórí tábìlì yìí, Dell OptiPlex 5060 ni. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe é fún, òun àti irú rẹ̀ ló kún Computer Village ní Ìkẹjà. A máa tú u, a máa fi káàdì géèmù, RAM (mẹ́mọ́rì tó ń gbé iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́) àti SSD (ibi tí fáìlì ń gbé) sí i, yóò sì máa gbé GTA V, Valorant àti CS2 lórí mọ́nítọ̀ 1080p. Ẹni tówó ò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń ra gbogbo ẹ̀yà ní tuntun, kéèsì, páwà àti mọ́dábọ́ọ̀dù á ti jẹ owó náà tán kó tó kan káàdì. Bẹ́ẹ̀ káàdì gan-an ló ń gbé géèmù.

Mi ò ní dárúkọ iye náírà, torí dọ́là kì í jẹ́ kó dúró sójú kan. Bí ẹ ṣe máa pín owó ni kẹ́ ẹ mú dání. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá: mẹ́rin fún kọ̀ǹpútà, mẹ́rin fún káàdì, méjì fún SSD àti RAM. Bí kọ̀ǹpútà bá ti fẹ́ jẹ mẹ́fà nínú ẹ̀, ẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú kọ̀ǹpútà. Oríṣi ìwọ̀n mẹ́ta lẹ máa rí. Micro ló kéré jù, kò sí ibi tí káàdì máa gbà wọ inú ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. SFF, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, káàdì kúkúrú tí wọ́n ń pè ní low profile nìkan ló ń gbà, ìyẹn ṣọ̀wọ́n, ó sì máa ń wọ́n. Táwà, èyí tó tóbi jù, ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù: "Táwà ni mo fẹ́, i5, 8th gen." Bí Dell ò bá sí, HP EliteDesk 800 G4 tàbí Lenovo ThinkCentre M720t náà dáa, ṣùgbọ́n kó jẹ́ táwà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 8th gen, ìyẹn ìran kẹjọ pirósẹ́sọ̀ Intel (ọpọlọ kọ̀ǹpútà)? Intel i5-8500 ní core mẹ́fà, ó sì ń lo RAM irú DDR4. Láti 8th gen lọ sókè ni Microsoft ti fọwọ́ sí Windows 11 fún Intel. Àtìlẹ́yìn Windows 10 sì ti parí ní October 14, 2025. Valorant lórí Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 àti Secure Boot, àwọn ohun ààbò inú kọ̀ǹpútà. Wọ́n máa fi 4th gen lọ̀ yín, owó rẹ̀ á sì wọ̀ yín lójú, àmọ́ DDR3 ló ń lò, kò sì sí lára àwọn tí Windows 11 gbà. Ẹ má gbà á.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ tan kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ máa tẹ F2 léraléra kẹ́ ẹ lè wọ BIOS, ojú ìwé ètò tó ń ṣí kí Windows tó dé. Ẹ ka orúkọ pirósẹ́sọ̀ àti iye RAM níbẹ̀ fúnra yín, ẹ má ka ti ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kéèsì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún yín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà la dé yìí. Ẹ wo àpótí irin tó wà níbí, páwà sọ́pláì nìyẹn. Ẹ ka lébẹ̀ẹ̀lì ara rẹ̀: 260W ni. Pirósẹ́sọ̀ yìí ń jẹ nǹkan bí 65W, káàdì tá a fẹ́ fi sí i ń jẹ 75W, mọ́dábọ́ọ̀dù, RAM, SSD àti fáànù lè jẹ 40W. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 180W, ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Ẹ wá wo àwọn wáyà tó jáde lára páwà yìí: kò sí èyí tó ń lọ sára káàdì níbẹ̀. Ìyẹn ni pé iná tí káàdì máa jẹ, inú ihò PCIe, ihò tí káàdì ń wọ̀ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, nìkan ló ti máa jẹ ẹ́, ihò yẹn ò sì ń fúnni ju 75W lọ.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ra ádápítọ̀ tó ń sọ wáyà SATA (wáyà iná ti hard disk) di 6-pin (wáyà iná ti káàdì). Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Wáyà SATA ò lè gbé ju 54W lọ lórí 12V, 6-pin sì lè fa 75W. Ike orí rẹ̀ á yọ́, ó sì lè gbiná. Páwà ATX tuntun náà kì í ṣe ọ̀nà àbáyọ tó rọrùn, torí ẹnu wáyà tó ń wọ mọ́dábọ́ọ̀dù Dell yìí yàtọ̀ sí ti ATX.

Torí náà, káàdì wa ni GTX 1650 4GB, èyí tí kò ní ihò 6-pin lórí. Ẹ yẹ etí òkè káàdì wò dáadáa, torí GTX 1650 kan wà tó ní in. Bówó ò bá tó, GTX 1050 Ti 4GB. RX 6400 ò jẹ iná púpọ̀, 53W ni, àmọ́ lane (ọ̀nà tí dátà ń gbà) mẹ́rin péré ló ń lò. Kọ̀ǹpútà yìí PCIe 3.0 ni, agbára káàdì náà á sì dín kù nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè ṣe encode fídíò fún ẹni tó fẹ́ máa gba géèmù rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ GT 1030 lówó yín ká, èyí tí mẹ́mọ́rì orí rẹ̀ jẹ́ GDDR5 ni kẹ́ ẹ rà. Ti DDR4 ń jẹ́ orúkọ kan náà, àmọ́ kò súnmọ́ ọn rárá.

Ayédèrú pọ̀ nínú káàdì. Wọ́n á mú GTS 450 àtijọ́, wọ́n á yí BIOS rẹ̀ (ètò inú káàdì fúnra rẹ̀) padà kó máa pe ara rẹ̀ ní GTX 1050 Ti. Ẹ fi GPU-Z, ètò tó ń ka ohun tó wà nínú káàdì, sórí fláàṣì, kẹ́ ẹ ṣí i ní ṣọ́ọ̀bù. Níwájú "Shaders", 1050 Ti gbọ́dọ̀ jẹ́ 768, GTX 1650 sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 896. Bẹ́ ẹ bá rí 192, tàbí tí GPU-Z kọ "FAKE" síwájú orúkọ, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi FurMark, ètò tó ń fi iṣẹ́ líle dán káàdì wò, ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí àmì aláwọ̀ tó ń ṣẹ́jú bá ń hàn lójú mọ́nítọ̀, tàbí tí ooru kọjá 85°C, káàdì yẹn ti ṣe wàhálà tó níbòmíì.

Ó yá, ká tò ó. Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó kù sínú ẹ̀ tán. Ẹ fọwọ́ kan irin kéèsì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, pàápàá lásìkò ọyẹ́, torí iná ara wa máa ń pọ̀ nígbà yẹn.

Ẹ fẹ́ eruku jáde, kẹ́ ẹ di fáànù mú kó má baà yí. Ẹ tú irin tó bo pirósẹ́sọ̀: síkúrù mẹ́rin, igun sí igun, díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo páàstì orí rẹ̀ bó ṣe gbẹ tó ń ṣí bí èépá. Ẹ fi isopropyl alcohol nù ún kúrò, kẹ́ ẹ kán tuntun díẹ̀ sí àárín, kẹ́ ẹ dá irin padà.

RAM: ẹyọ 8GB kan ló wà nínú èyí. Ẹ fi 8GB DDR4 mìíràn kún un, ihò méjì tí ìdè wọn funfun ni kẹ́ ẹ lò, kí méjèèjì lè jọ ṣiṣẹ́ ní dual channel. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí ìdè á fi ró "kà" lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

SSD: NVMe 512GB, irú pẹlẹbẹ tó ń wọ ihò M.2 lórí mọ́dábọ́ọ̀dù. 240GB á kún kíákíá, torí GTA V nìkan ń jẹ ju 100GB lọ. Ẹ tì í wọ ihò M.2 ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ dùbúlẹ̀, kẹ́ ẹ fi síkúrù rẹ̀ dè é.

Káàdì ló kẹ́yìn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ ihò gígùn jù lọ, èyí tó súnmọ́ pirósẹ́sọ̀. Ẹ wá so wáyà mọ́nítọ̀ mọ́ ara káàdì, ẹ má so ó mọ́ ihò ara mọ́dábọ́ọ̀dù tó wà lókè. Àṣìṣe yìí ló wọ́pọ̀ jù: géèmù á máa fà, wọn á ní káàdì ò dáa, nígbà tó jẹ́ pé wọn ò tíì lò ó rárá.

Bẹ́ ẹ bá tan án tí ojú mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn, ẹ wo iná bọ́tìnnì. Bó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, tó sinmi, tó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, Dell ń sọ pé òun ò rí RAM. Ẹ yọ ọ́, ẹ nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ tún un tẹ̀ wọlé.

Ẹ fi Media Creation Tool ti Microsoft gbé Windows 11 sórí fláàṣì 8GB. Ẹ tẹ F12, ẹ yan fláàṣì, kẹ́ ẹ yan Windows Pro nígbà tó bá béèrè, torí Pro ni láísẹ́ǹsì inú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Bó bá bá a mu, á mú ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní gbàrà tó bá rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gba driver, ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo káàdì, láti ọ̀dọ̀ NVIDIA fúnra wọn. Ẹ ṣí CPU-Z, ètò tó ń ka pirósẹ́sọ̀ àti RAM, ní "Memory", kẹ́ ẹ wò ó pé dual tàbí 2 x 64-bit ló kọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná. Ẹ má so kọ̀ǹpútà yìí mọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tààrà, ẹ jẹ́ kó gba inú sítábíláísà. UPS 650VA tó láti fún yín láyè kẹ́ ẹ pa á dáadáa bí NEPA bá mú iná lọ. Ẹni tó ní ínfátà pẹ̀lú bátìrì tubular 12V 200Ah, 2400Wh nìyẹn, ìdajì ni kẹ́ ẹ lò kó lè pẹ́. Tí ínfátà bá jẹ tirẹ̀ tán, nǹkan bí 1000Wh ló kù. Kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ ń jẹ nǹkan bí 175W nígbà géèmù, ẹ máa rí wákàtí márùn-ún ó lé díẹ̀, bí nǹkan mìíràn ò bá sí lórí rẹ̀. Ẹ lọ sí NVIDIA Control Panel, "Manage 3D settings", kẹ́ ẹ fi "Max Frame Rate" sí 60. Mọ́nítọ̀ 60Hz ò lè fi ju bẹ́ẹ̀ lọ hàn, iná tí káàdì ń jẹ á dín kù, ariwo fáànù náà á sì rọlẹ̀.