Ta Ló Ń Pa Ẹran Inú Ọ̀dàn?

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti aráàlú ní Yaba, l'Ékòó. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráyè wá, mo sì fi díẹ̀ lára ìbéèrè tí wọ́n bi mí sí i.)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó. Bí a bá ti dárúkọ ẹran ìgbẹ́ l'Ékòó yìí, ọdẹ ni ọkàn wa kọ́kọ́ ń lọ bá. Ọdẹ ló pa á, ìyá olóúnjẹ ló sè é, àwa la jẹ ẹ́, ẹjọ́ parí. N kò wá gbèjà ọdẹ o. Ní oṣù kìn-ín-ní 2021, Aṣọ́bodè gbá kọ̀ǹténà kan mú ní Apapa níbí, tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé igi àga ló wà nínú rẹ̀. Ìpẹ́ akika ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú eyín erin àti egungun kìnnìún. Gbogbo rẹ̀ wúwo tó kìlógíráàmù 8,800, Vietnam ló sì ń lọ. Ẹni tó kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ jọ kì í ṣe ẹni tó ń wá ẹran tí yóò fi jẹ iyán alẹ́.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí a kò lè di ẹrù náà ru ọdẹ. Ìjọba ibẹ̀ lówó, ẹ̀ṣọ́ wà, ọkọ̀ wà, síbẹ̀ ẹran ń tán lójú wọn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí.

Kakadu ni wọ́n ń pè é, ọgbà ẹran ìjọba kan ní àríwá Ọsirélíà. Ọ̀dàn ni, bíi ti ọ̀nà Ṣakí àti Ìgbẹ́tì: koríko ga, igi jìnnà síra, òjò á rọ̀ fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀rùn á gbẹ ohun gbogbo. Ó fẹ̀ tó nǹkan bíi 20,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ọgbà ẹran Old Oyo tiwa jẹ́ 2,512. Ọdún 1979 ni wọ́n yà á sọ́tọ̀, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 1981. Bí ìwé àti àsíá bá ń dáàbò bo ẹran, kò sí eku kan tó yẹ kó sọnù níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ka ẹran náà rèé. Tí ilẹ̀ bá ń ṣú, wọ́n á to àpótí irin kéékèèké sínú koríko, wọ́n á fi ẹ̀pà lílọ̀ àti ọ́ọ̀tì ṣe ìjẹ sínú rẹ̀. Ẹran tó bá wọlé, ilẹ̀kùn á pa dé mọ́ ọn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á wò ó, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á tú u sílẹ̀. Ní 1996, nínú 100 ojú ibi tí wọ́n dẹ àpótí sí, 13 ni kò mú ẹyọ kan. Nígbà tó fi di 2009, ó ti di 55. Iye ẹran tí wọ́n ń mú ti fi 71 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín ọdún 13 péré.

Kì í ṣe kangarú ni mò ń sọ o. Àwọn tó ń tán ni àwọn ẹran kéékèèké tó ń fún ọmọ lọ́mú, tí ìwọ̀n wọn wà láàárín gíráàmù 35 sí kìlógíráàmù márùn-ún àbọ̀. Ẹ fojú inú wo ikún, òkété, ehoro. Wọ́n tóbi tó ohun tí apẹran lè yó fún, wọn kò sì tóbi tó ohun tó lè bá a jà.

Kí ló wá dé? Iná ni mo fẹ́ kí a fi bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ a máa tiná bọ koríko ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Iná náà á jó apá kan, á kú, á fi apá kejì sílẹ̀ fún ẹran láti sá sí. Nígbà tí òyìnbó dé, tí ọ̀pọ̀ ọmọ onílẹ̀ fi igbó sílẹ̀ lọ sí ìlú, koríko gbẹ jọ títí di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Iná tó bá ràn nígbà náà kì í dáwọ́ dúró. Ilẹ̀ rẹpẹtẹ ló ń jó láìfi ibì kan sílẹ̀.

Ẹ má sì rò pé iná náà gan-an ló ń pa eku. Ọ̀pọ̀ wọn ń sá wọ ihò, wọ́n sì ń yè é. Ẹ̀yin ará Erékùṣù mọ bí ọjà ṣe ń jó: ẹrù tó yọ nínú iná, tí a gbé síta, ni olè ń dúró dè. Olè ti inú ọ̀dàn Kakadu ni ológbò.

Ibí ni ìyá kan tó jókòó sí iwájú ti nawọ́. Wọ́n ní, “Ọ̀gá, ológbò kẹ̀? Mo ní mẹ́ta nílé, ọ̀kan kò lè pa aláǹgbá!” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Mà, pọ̀nmọ́ ni tiyín ń jẹ.” Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni wọ́n béèrè. Ológbò kì í ṣe ẹran ilẹ̀ Ọsirélíà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé ní 1788 ló gbé e dé, ó sá wọ igbó, ó sì tàn ká gbogbo ilẹ̀ náà. Àwọn olùwádìí so kámẹ́rà mọ́ irú ológbò igbó bẹ́ẹ̀ lọ́rùn. Níbi tí ilẹ̀ ti ṣí sílẹ̀, nínú ìgbà 100 tó bá bẹ́ mọ́ ẹran, ó ń pa á ní ìgbà 70. Níbi tí koríko ti dí tàbí tí àpáta wà, 17 ni. Ológbò kan náà ni, eyín kan náà. Koríko ló yàtọ̀. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ń kúrò ní àdúgbò wọn, wọ́n á rin kìlómítà 12 láti lọ dẹ ọdẹ níbi tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jó.

Ní ọgbà ìdáàbòbò Wongalara, ní àríwá Ọsirélíà kan náà, wọ́n gbìyànjú ohun kan tí kò fi ibi iyàn jíjà sílẹ̀. Wọ́n ṣe ọgbà sínú ọ̀dàn, wọ́n tú eku ilẹ̀ náà sí i. Apá kan, odi rẹ̀ ga, ológbò kò lè wọlé. Apá kejì, ológbò lè gun odi rẹ̀. Níbi tí ológbò ti lè wọlé, eku tán pátápátá. Níbi tí kò ti lè wọlé, eku wà.

Màlúù ńkọ́? Iṣẹ́ iná ló ń ṣe, láìsí èéfín. Ó ń jẹ koríko mọ́lẹ̀, eku á wà ní gbangba. Ní Mornington, ní agbègbè Kimberley ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà, wọ́n kó màlúù kúrò ní apá kan, wọ́n sì ń ṣọ́ iná. Láàárín ọdún mẹ́ta, ẹran kéékèèké ti ń pọ̀ padà, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì rí ọgbọ́n kankan dá sí ọ̀rọ̀ ológbò. Èmi ka èyí sí ìròyìn tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ọ̀tá kan wà tí koríko kò kàn: ọ̀pọ̀lọ́ ńlá kan tó ní oró, tí wọ́n kó nǹkan bí 100 rẹ̀ wá láti Hawaii ní 1935 pé kó máa jẹ kòkòrò inú oko ìrèké. Kò rí kòkòrò náà jẹ bí wọ́n ṣe rò. Ó ń rìn lọ síwájú títí ó fi dé Kakadu ní 2001. Ẹran kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní quoll, tí àmì funfun wà lára rẹ̀ tótòtó. Ó rí ọ̀pọ̀lọ́, ó rò pé oúnjẹ ni, ó gbé e mì, ó kú. Ní 2003, wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí erékùṣù méjì tí ọ̀pọ̀lọ́ kò dé, Astell àti Pobassoo, wọ́n sì bí síi níbẹ̀ dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn onímọ̀ kan tún fún quoll ní ọ̀pọ̀lọ́ kékeré tí wọ́n fi oògùn tó ń mú inú rìndò sí. Èyí tó bá jẹ ẹ́, tó bì, kì í tún fẹ́ fojú kan ọ̀pọ̀lọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mú àwọn quoll erékùṣù padà sí Kakadu, ajá igbó tí wọ́n ń pè ní dingo bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Ìran 13 péré ni wọ́n fi gbé níbi tí kò sí apẹran, wọ́n ti gbàgbé bí a ṣe ń bẹ̀rù.

Nítorí náà, erékùṣù àti ọgbà kò tó. Ohun tí mo fara mọ́ jù ni pé kí àwọn tó mọ iná tún padà sídìí iná. Ní ìwọ̀ oòrùn Arnhem Land, tó bá Kakadu pààlà, láti 2006, àwọn ọmọ onílẹ̀ ń sun igbó ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn lórí ilẹ̀ tó tó 28,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, ilé iṣẹ́ gáàsì kan sì sanwó fún wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí èéfín tí iná ńlá ì bá tú sáfẹ́fẹ́. Iṣẹ́ oṣù ni, kì í ṣe àánú.

Ó kù sí tiwa. Láàárín 1970 sí 2005, ẹran ńláńlá inú àwọn ọgbà ẹran tí wọ́n ṣírò ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fi nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Nígbà tí wọ́n wá kìnnìún kiri ọgbà 21 ní agbègbè wa yìí, mẹ́rin péré ni wọ́n ti rí i. Kainji àti Yankari, ní Nàìjíríà níbí, wà nínú mẹ́rin náà. Ọwọ́ ọdẹ wà níbẹ̀ gidigidi, ó sì mú kí tiwa le ju tiwọn lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ṣakí dìde, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ ti màlúù. Ṣé ká kúkú lé àwọn Fúlàní lọ ni?” Mo bi í pé ta ló ni màlúù Mornington. Òyìnbó ni. Koríko kò mọ èdè ẹni tó ni ẹran tó ń jẹ ẹ́. Ibi tí màlúù kò gbọ́dọ̀ dé, kí a sàmì sí i, kí ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, kí ibi tó lè jẹ̀ náà sì wà ní tòótọ́. Bí kò bá sí èyí, ọgbà ni yóò máa wọ̀ lóru.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fi dá òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù dúró. Nílé wa, iná tí wọ́n fi ń lé ẹran jáde nígbà ọyẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀ ni mo kórìíra jù. Kí ẹ̀ṣọ́ ti sun ìlà koríko tirẹ̀ kí oṣù kejìlá tó parí, kí iná ẹ̀yìn ọdún má rí ọ̀nà gbà. Kí a sì máa ka ẹmọ́ àti ikún inú Old Oyo lọ́dọọdún, bí a ṣe ń ka erin. Àpótí irin díẹ̀, ẹ̀pà lílọ̀, ìwé àti bírò: akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kọkànlá tó ń bọ̀.