Ànsáárù, iṣẹ́ ni wọ́n fi gba orúkọ yẹn

Àsàlámù àlékùm o ẹ̀yin èèyàn mi l'Ákùrẹ́, a kú Jímọ̀.

Látọdún 1923 tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ l'Ékòó la ti mọ orúkọ Ànsáárù yìí, ìyẹn àwọn olùrànlọ́wọ́, mọ́ ilé ìwé àti mọ́ṣáláṣí, ká dáṣọ ẹgbẹ́ ká fi lọ síbi ìkómọ. Kò burú, èmi náà ní tèmi nílé. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ ní Mẹ̀dínà, ìyẹn ẹ̀yà Aosi àti ẹ̀yà Kasiraji, ara wọn ni wọ́n ń bá jagun kí Ìsìláàmù tó dé o. Nígbà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe hìjíra lọ sí Mẹ̀dínà lọ́dún 622, àwọn tó tẹ̀ lé e láti Mẹ́kà ò nílé ò lọ́nà, ó wá sọ wọ́n dọmọ ìyá, ará Mẹ́kà kan, ará Mẹ̀dínà kan. Saadu ọmọ Rabii bá sọ fún Abdurahman ọmọ Aofu pé òun lòun lówó jù nínú àwọn Ànsáárù, káwọn pín in sí méjì dọ́gba. Abdurahman ṣàdúrà fún un, ó ní ọ̀nà ọjà dà? Ó bọ́ sọ́jà, ó ń ta wàrà. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn gan-an, àlejò náà ò jókòó jẹun sí wọn lọ́rùn.

Ẹ wá wo tiwa. Ìmáámù ò tíì sàlámà tán dáadáa a ti ká ẹní, ọ̀kadà ti ń fọn fèrè lẹ́nu géètì, ọmọ kópà kan dúró ti ẹ̀rọ omi àlùwàlá tòun ti báàgì, ó ń wojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá béèrè ilé, a ní kó lọ rí ajẹ́ǹtì, a sì mọ̀ pé ajẹ́ǹtì á gbowó àgírímẹ́ǹtì á gba kọmíṣọ̀n lé e. Àwa yìí kan náà la ń forí gbárí torí Arsenal o!

Àwọn Ànsáárù náà kùn rí ṣá. Lẹ́yìn ogun Hunaini tí Ànábì kó ràkúnmí àti àgùntàn fáwọn Kùréṣì, ẹ̀yà Ànábì ní Mẹ́kà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn, inú bí àwọn kan, Ànábì kó wọn jọ, ó ní ṣé kò tẹ́ yín lọ́rùn káwọn yẹn da ẹran relé, kẹ́yin mú òjíṣẹ́ Ọlọ́hun relé tiyín? Wọ́n sunkún títí irùngbọ̀n wọn fi rẹ.

Ẹni tó bá ní yàrá tó ṣófo lápá Òkè-Àró tàbí lẹ́bàá FUTA, kó jọ̀ọ́ bá ìmáámù àdúgbò ẹ̀ sọ ọ́ lónìí lẹ́yìn ìrun, kó má gbówó lé e.