Dropdown Tó Ń Padé Kí A Tó Yan Nǹkan

Ẹ káàsán, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ kóòdù kíkọ. Ìyá mi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìpínlẹ̀, wọ́n tẹ àpótí náà, orúkọ ìpínlẹ̀ 36 já sílẹ̀; irú àpótí bẹ́ẹ̀ là ń pè ní dropdown. Wọ́n tẹ Ọ̀yọ́. Àkójọ padé, àpótí ṣófo. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ni wọ́n bá bi mí pé, “Àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n tẹ̀?” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí ìyá mi kò ṣe àṣìṣe kankan. Ẹni tó kọ kóòdù ló ṣe é.

Ibi tí focus bá wà ni ohun tí a ń tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù ń lọ, ibi kan ṣoṣo ló sì máa ń wà lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fi máòsì tẹ nǹkan, a máa ń rò pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ìka ṣe ń tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, mousedown ti ṣẹlẹ̀. Focus á kúrò nínú àpótí, ìyẹn ni blur. Ìgbà tí ìka bá gbéra ni mouseup, click ló kẹ́yìn. Tí kóòdù yín bá ti àkójọ nígbà blur, tó sì ń retí click kó tó yan Ọ̀yọ́, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò tó ti dé ẹnu ọ̀nà.

Àwọn kan á ní kí a fi setTimeout, àṣẹ tó ń sún iṣẹ́ síwájú díẹ̀, mú kí àkójọ pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn blur kó tó padé. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ọwọ́ àgbàlagbà kì í yá bíi tiyín. Bí ìka bá pẹ́ díẹ̀ lórí máòsì, àkójọ ti lọ. Ẹ fi preventDefault, àṣẹ tó ń dá ohun tí browser ìbá ṣe fúnra rẹ̀ dúró, sórí mousedown àkójọ náà. Focus ò ní kúrò, click á sì bá àkójọ níbi tó wà.

Nínú kóòdù, document.activeElement ló ń sọ ibi tí focus wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ tẹ̀ ẹ́ sínú console, ojú ibi tí a ti ń dán kóòdù wò nínú browser, dropdown á padé kí ẹ tó rí nǹkan kan. Ẹ ní kó gbé èsì jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 3, kí ẹ padà ṣí dropdown.

Ibi tó kan àwa Yorùbá jù rèé. Àwọn àpótí kan máa ń bá wa parí ọ̀rọ̀: a tẹ Ọ̀, ó fi yọ́ kún un, ó fi àwọ̀ búlúù bò ó kí lẹ́tà tó kàn lè rọ́pò rẹ̀. setSelectionRange ló ń ṣe é, iye ohun tí a ti tẹ̀ ló sì fi ń mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Lójú wa, lẹ́tà 3 ni Ọ̀yọ́. Lójú JavaScript, èdè kóòdù tí a ń lò yìí, 5 ni ní NFC, ọ̀nà ìkọ tí ọ àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀kan, tí àmì ohùn sì dá dúró. Ní NFD, ọ̀nà ìkọ kejì, ó di 7, torí àmì ìsàlẹ̀ náà dá dúró. Ká ní kíbọ́ọ̀dù kọ Ọ̀ ní NFD, 3 nìyẹn. Nínú àkójọ tó wà ní NFC, 2 péré ni. Àwọ̀ búlúù á bẹ̀rẹ̀ láti 3, y á bọ́ síta. Ẹni tó ń wá Ọ̀ṣun tẹ ṣ, Ọ̀yṣ ló rí. Ẹ fi normalize("NFC") sọ méjèèjì di ọ̀kan kí ẹ tó kà wọ́n. Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ ni kí ẹ tẹ̀, pẹ̀lú àmì wọn; Lagos kò lè tú àṣìṣe yìí fó láéláé.