Ọkùnrin Tí Kò Fẹ́ Kí Orin Sọ̀rọ̀

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin olùgbọ́ mi. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ lálẹ́ òní nínú yàrá mi ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ará Pólándì kan ni mo sì fẹ́ bá yín sọ. Stefan Kisielewski ni orúkọ rẹ̀, Kisiel ni àwọn ará ìlú rẹ̀ ń gé e kúrú sí. Warsaw ni wọ́n bí i sí ní 1911. Ó kọ orin sílẹ̀ fún pìánò àti fún ẹgbẹ́ olóhun-èlò ńlá, ó sì lé ní 40 ọdún tó fi kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn nípa orin, àti nípa ohun tí àwọn aláṣẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu kàn.

Àgbóọlá ló mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ń ka ìtàn August Agboola Browne, onílù jáàsì tí wọ́n bí ní Èkó, tó gbé ní Warsaw, tó bá wọn kópa nínú ìjà tí ará ìlú náà gbé ko àwọn ọmọ ogun Jámánì ní 1944, tó sì wá kú síbí, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1976. Ibẹ̀ ni mo ti ṣalábàápàdé Kisielewski, tí òun náà wà nínú ìjà yẹn, tí èyí tó pọ̀ jù nínú orin tó ti kọ sílẹ̀ sì jóná mọ́ ìlú náà. Ó dùn mí bí ẹni pé ìyá mi ló bí i. Tí ìwé bá jó nílé wa, àgbà kan á ṣì rántí orin náà kọ, ṣùgbọ́n inú bébà nìkan ni tirẹ̀ wà.

Nígbà tí ogun parí, ó lọ sí Kraków, ó di olóòtú ìwé ìròyìn orin tí wọ́n ń pè ní Ruch Muzyczny ní 1945, ó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórin. Ní 1949, ìjọba Kọ́múníìsì tó ń ṣàkóso Pólándì nígbà náà kó àwọn tó ń kọ orin jọ sí ìlú Łagów, wọ́n ní kí orin máa sọ ohun tí òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀ yóò gbọ́ yé, kí ó sì máa gbé ètò ìjọba lárugẹ. Kisielewski ta kò wọ́n. Lójú tirẹ̀, orin kì í sọ nǹkan kan ju ara rẹ̀ lọ.

Mo bá a jà lórí èyí, kí n má parọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, onídùndún á dúró sẹ́nu ọ̀nà àgbàlá wa, kí ó tó fi kọ̀ǹgọ́ kan awọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bàbá mi á ti máa tọwọ́ bọ àpò wá owó, nítorí oríkì rẹ̀ ló ń gbọ́ yẹn. Ta ni yóò wá sọ fún mi pé orin kì í sọ̀rọ̀? Ṣùgbọ́n owó inú àpò yẹn gan-an ló padà là mí lójú. Ìlù tó lè kì èèyàn, ẹni tó lágbára lè bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Àwọn aláṣẹ Pólándì ń wá onílù tí yóò máa kì wọ́n, ọkùnrin yìí sì ní dùrù òun kò mọ oríkì ẹnikẹ́ni.

Inú ìwé ìròyìn ló wá kó ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí, pàápàá Tygodnik Powszechny, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí àwọn Kátólíìkì ń tẹ̀ ní Kraków. Níbẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ìjọba tó fẹ́ kí orin sọ̀rọ̀ ní kí ọ̀rọ̀ dákẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń yẹ gbogbo ìwé wò kí ó tó dé ilé ìtẹ̀wé. Òfin 1981 wá gba ìwé ìròyìn láyè láti fi àmì síbi tí wọ́n ti gé ọ̀rọ̀ kúrò, ìdí nìyẹn tí àwọn dáàṣì fi tò sáàárín àkámọ́ nínú ìwé ìgbà náà, bí ibi ìdákẹ́ nínú orin, tí òǹkàwé yóò sì máa fúnra rẹ̀ ro ohun tó wà níbẹ̀.

Ó ṣe aṣòfin láti 1957 sí 1965, ìyẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn tó ọ̀rọ̀ 1968. Ìjọba ti fòfin de eré orí ìtàgé kan ní Warsaw. Ní ìpàdé àwọn òǹkọ̀wé ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì, Kisielewski dìde, ó pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣèjọba tipátipá àwọn aláìmọ̀kan. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn kan fi lù ú ní àlùbami ní ìgboro. Wọ́n tún fi ọdún mẹ́ta gbẹ́sẹ̀ lé ìwé rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ nílé. Ó tún ń kọ ìtàn àròsọ tí wọ́n ń tẹ̀ ní Párís, Tomasz Staliński ló sì fi ṣe orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gbọ́ Stalin, apàṣẹwàá ilẹ̀ Sófíẹ̀tì, nínú orúkọ yẹn? Ẹlẹ́fẹ̀ ni bàbá yìí.

Ó rí ìparí ìjọba náà ní 1989 kí ó tó kú ní 1991.

Lálẹ́ àná mo gbé Danse vive sétí, orin pìánò rẹ̀ kan tó kọ ní 1939, tó kúrú, tó sì ń sáré. Mo ń wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ bí mo ti ń wá a nínú dùndún. Ó parí kí n tó rí ẹyọ kan. Mo bá tún un gbé.