Ẹni Tó Ṣe Ipò Kẹta Ló Wọlé: Bí Ẹgbẹ́ Òṣèlú Ṣe Ń Yan Aṣáájú ní Alberta

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 2006, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Progressive Conservative ní ìpínlẹ̀ Alberta, lápá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Kánádà, jáde láti yan aṣáájú tuntun. Ẹni tí wọ́n bá yàn lọ́jọ́ náà kì í ṣe alága ẹgbẹ́ lásán. Òun náà ni yóò di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, láìjẹ́ pé ará ìlú tún dìbò kankan. Ọkùnrin tó jáwé olúbori, Ed Stelmach, ti ṣe ipò kẹta ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 15 péré nínú ọgọ́rùn-ún ibò. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣẹlẹ̀ láìsí èrú nínú rẹ̀, àti ohun tí ó ná àwọn tí wọ́n jàǹfààní rẹ̀ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Èrò tèmi ni pé ọ̀nà tí ẹgbẹ́ ń gbà ka ibò, àti irú ẹni tí ẹgbẹ́ gbà láyè láti dìbò, ló ń yan aṣáájú ní Alberta ju òkìkí olùdíje tàbí ìfẹ́ àwọn aṣòfin lọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú ohun kan kúrò lọ́nà. Ìdìbò abẹ́lé tí a mọ̀ ní Nàìjíríà lónìí máa ń yan ẹni tí yóò gbé àsíá ẹgbẹ́, ará ìlú ni yóò sì sọ lẹ́yìn náà bóyá yóò di gómìnà tàbí kò ní í dì í. Ní Kánádà, ẹni tí ó bá ṣáájú ẹgbẹ́ tó ní aṣòfin púpọ̀ jù lọ ni ó ń darí ìjọba. Àwọn àgbà wa mọ irú ìṣètò yìí dáadáa, nítorí òun ni a lò ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni aṣáájú Ẹgbẹ́ Action Group, òun náà sì ni Pírẹ́míà títí ó fi bọ́ sí ìjọba àpapọ̀ ní 1959, tí Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá wá gba ipò Pírẹ́míà nígbà tí Awólọ́wọ̀ ṣì di ipò aṣáájú ẹgbẹ́ mú. Ìgbà tí ipò méjèèjì bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn méjì ni ìjà wọ inú ilé, ó sì dé góńgó ní oṣù Karùn-ún ọdún 1962, nígbà tí Gómìnà Adésọjí Adérẹ̀mí yọ Akíntọ́lá nítorí ìwé tí ọ̀pọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí. Ta ló ni ẹ̀tọ́ láti fi aṣáájú jẹ, ta ló sì ni ẹ̀tọ́ láti rọ̀ ọ́ lóyè: ọmọ ẹgbẹ́ ni àbí aṣòfin? Ìbéèrè yìí kan náà ni Alberta ti ń bá yí láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó da epo sí ilé ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ Progressive Conservative gba ìjọba Alberta ní 1971 lábẹ́ Peter Lougheed, kò sì gbé e sílẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélógójì. Nígbà tí Lougheed fẹ́ sinmi ní 1985, àwọn aṣojú tí ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rán wá sí ìpàdé àpapọ̀ ni wọ́n yan Don Getty. Ní 1992, ẹgbẹ́ pa ọ̀nà yẹn tì, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tí ó bá ní káàdì ẹgbẹ́ wá dìbò fúnra rẹ̀. Ní ìpele àkọ́kọ́ ọdún yẹn, Nancy Betkowski ní ibò 16,393, Ralph Klein sì ní 16,392. Ibò kan ṣoṣo! Nígbà tí wọ́n padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, èrò ti pọ̀ sí i gan-an, Klein sì fi Betkowski sílẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú ohun tó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá ibò lọ. Àwọn èrò tuntun wọ̀nyẹn ni kí a fọkàn sí. Wọn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ àtayébáyé. Káàdì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Klein ṣe ìjọba fún nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá. Ní òpin oṣù Kẹta ọdún 2006, ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ dìbò lórí bóyá wọ́n ṣì fọkàn tán an, ìdá 55.4 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní ti ìṣirò, ó borí. Ní ti òṣèlú, ẹni tí ó ti ń gba ohun tó sún mọ́ gbogbo ibò tẹ́lẹ̀ ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un, ó sì kéde pé òun ń lọ.

Olùdíje mẹ́jọ ló jáde láti rọ́pò rẹ̀. Jim Dinning, tó ti jẹ́ mínísítà ìṣúná fún Klein kí ó tó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aládàáni, ni gbogbo ènìyàn rò pé yóò wọlé. Òun ló ní owó, òun ló ní ìlú Calgary, òun sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ tẹ̀ lé. Ted Morton, olùkọ́ ìmọ̀ òṣèlú ní yunifásítì, ni àwọn tí wọ́n fẹ́ kí ẹgbẹ́ túbọ̀ rọ̀ mọ́ èrò àtijọ́ kó ara wọn jọ sẹ́yìn rẹ̀. Stelmach jẹ́ àgbẹ̀ láti ìgbèríko ìlà-oòrùn Edmonton, ọmọ-ọmọ àwọn tó ṣí wá láti Ukraine, mínísítà tí kì í pariwo, tí kò sì ní ọ̀tá. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá, ènìyàn 97,690 dìbò: Dinning ní 29,470, Morton ní 25,614, Stelmach sì ní 14,967. Lyle Oberg, Dave Hancock àti Mark Norris ló tẹ̀ lé wọn, àwọn méjì tó kù kò sì dé ẹgbẹ̀rún kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ìlànà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Òfin ẹgbẹ́ sọ pé bí kò bá sí ẹni tó ní ju ìdajì ibò lọ, àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ni yóò padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí òfin bá sọ pé méjì, kò bá tí sí Stelmach mọ́, ọ̀rọ̀ ìbá sì di ti Dinning àti Morton nìkan. Òfin tún sọ pé ní ìpele kejì, olùdìbò yóò kọ ẹni tí ó fẹ́ jù sí ipò kìíní, yóò sì kọ ẹni tí ó lè gbà bí tirẹ̀ kò bá rí i mú sí ipò kejì. Lékè gbogbo rẹ̀, dọ́là márùn-ún ni káàdì ẹgbẹ́, ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín ìpele méjèèjì kò sì dá títà rẹ̀ dúró. Ènìyàn lè rìn wá sí ibùdó ìdìbò lọ́jọ́ ìdìbò gan-an, kí ó san dọ́là márùn-ún lẹ́nu ọ̀nà, kí ó sì gba ìwé ìdìbò.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan yẹn, Oberg, Hancock àti Norris kó ara wọn wá sí ọ̀dọ̀ Stelmach. Ibò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìpele àkọ́kọ́ jẹ́ 26,022 lápapọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka ìpele kejì, ibò Stelmach ti fi 36,797 pọ̀ sí i, èyí tó fi hàn pé bí gbogbo ọmọlẹ́yìn àwọn mẹ́ta yẹn tilẹ̀ tẹ̀ lé e láìku ẹnì kan, àwọn mìíràn tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tún ti ibòmíràn wá. Àpapọ̀ olùdìbò ti fò láti 97,690 dé 144,289. Stelmach ní 51,764, Dinning ní 51,282, Morton ní 41,243. Ibò 482 ló wà láàárín àwọn méjì àkọ́kọ́.

Wọ́n wá yọ Morton kúrò, wọ́n sì ṣí ìwé ìdìbò àwọn ènìyàn rẹ̀ láti wo ẹni tí wọ́n kọ sí ipò kejì. Nínú 41,243 wọ̀nyẹn, 25,813 lọ sí ọ̀dọ̀ Stelmach, 4,227 péré ló lọ sí ọ̀dọ̀ Dinning, àwọn tó kù kò sì gbé ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì sí ipò kejì. Nínú ènìyàn méje tí ibò wọn ṣì wúlò, mẹ́fà ló yan Stelmach. Ó parí pẹ̀lú 77,577, Dinning sì ní 55,509. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Dinning àti Morton ni wọ́n ti ń bá ara wọn fà á láti oṣù mélòó kan, àwọn ọmọlẹ́yìn Morton sì rí Dinning gẹ́gẹ́ bí ẹni tí àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ti yàn sílẹ̀ fún wọn kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀. Stelmach kò bá ẹnì kankan jà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbé e wọlé kò fẹ́ ẹ jù. Wọ́n kàn lè gbà á mọ́ra.

Àwọn kan bu ẹnu àtẹ́ lu káàdì ẹnu ọ̀nà yìí, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ alátakò, ìyẹn Liberal àti NDP, wọlé wá bá wọn yan aṣáájú. Wọ́n ń wọlé lóòótọ́. Èmi kò rí ẹ̀bi kankan nínú rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ kan ti ń wọlé láti 1971, ìdìbò gbogboogbò kì í fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà, nítorí náà ibi kan ṣoṣo tí ará ìlú ti lè yan ẹni tí yóò ṣe ìjọba lé e lórí ni àárín ẹgbẹ́ yẹn, dọ́là márùn-ún sì ni owó ìwọlé nígbà náà.

Àwọn olùkọ́ lo àǹfààní yìí dáadáa ní 2011. Gary Mar ni àyànfẹ́ àwọn aṣòfin nígbà náà. Ó ní 24,195 ní ìpele àkọ́kọ́, ó ju ìlọ́po méjì Alison Redford lọ, ẹni tó ní 11,127. Redford ṣèlérí pé òun yóò dá mílíọ̀nù dọ́là 107 padà sínú owó ètò ẹ̀kọ́, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba sì lọ ra káàdì. Ní ìpele kejì, ọ̀dọ̀ Redford ni èyí tó pọ̀ jù nínú ipò kejì àwọn ọmọlẹ́yìn Doug Horner, olùdíje tó ṣe ipò kẹta, lọ, ó sì fi ibò 1,613 borí Mar. Bẹ́ẹ̀ ni Alberta ṣe ní obìnrin àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba.

Ibi tí gbèsè wà nìyí. Stelmach gba ìjókòó 72 nínú 83 ní ìdìbò gbogboogbò ọdún 2008, síbẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2011, lẹ́yìn ìjà lórí ètò ìṣúná láàárín òun àti àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, ó ní òun kò ṣe mọ́. Redford gba 61 nínú 87 ní 2012. Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, nígbà tí ariwo ta lórí owó ìrìn àjò rẹ̀, àwọn aṣòfin tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sá fún un. Owó ìrìn àjò náà burú, ṣùgbọ́n aṣáájú tí àwọn aṣòfin fúnra wọn gbé dé ipò máa ń rí ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún Redford. Àwọn olùkọ́ tó ra káàdì kò sì sí nínú yàrá tí àwọn aṣòfin ti ń ṣèpàdé.

Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ń kà á lọ́nà tiwọn. Ní Ontario ní oṣù Kẹta ọdún 2018, ẹgbẹ́ Progressive Conservative ibẹ̀ fún àgbègbè ìdìbò kọ̀ọ̀kan ní àmì ọgọ́rùn-ún, yálà ọmọ ẹgbẹ́ pọ̀ níbẹ̀ tàbí wọn kò pọ̀, bí wọ́n bá ṣáà ti tó ọgọ́rùn-ún. Christine Elliott ní ibò tó pọ̀ jù, Doug Ford ní àmì tó pọ̀ jù, Ford ló sì di aṣáájú.

Ẹgbẹ́ tó ti fa ènìyàn 144,289 jáde ní 2006 kò rí ju ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélógún àti díẹ̀ lọ nígbà tí Jim Prentice di aṣáájú ní 2014, ó sì pàdánù ìjọba ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015 sọ́wọ́ Rachel Notley àti ẹgbẹ́ NDP. Ní 2017, ó darapọ̀ mọ́ Wildrose, ẹgbẹ́ mìíràn tó rọ̀ mọ́ èrò àtijọ́, láti di United Conservative Party. Jason Kenney ni aṣáájú àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn, òun ló sì fi Kaycee Madu, ọmọ Nàìjíríà, jẹ mínísítà ìdájọ́ ní 2020. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ìdá 51.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló fọkàn tán Kenney. Òun náà borí lórí ìwé bíi ti Klein, òun náà sì lọ.

Ìdìbò tó tẹ̀ lé e kò ní ọ̀sẹ̀ kan láàárín mọ́. Wọ́n ti dá títà káàdì dúró ní oṣù Kẹjọ, olùdìbò sì to àwọn olùdíje méjèèje lẹ́sẹẹsẹ sórí ìwé kan ṣoṣo. Travis Toews, mínísítà ìṣúná tẹ́lẹ̀, ni ọ̀pọ̀ aṣòfin dúró tì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe fún Dinning àti Mar. Ó fìdí rẹmi nígbà tí kíka ìwé ìdìbò náà dé ìpele kẹfà: Danielle Smith ní ìdá 53.77 nínú ọgọ́rùn-ún, òun ní 46.23. Smith kò tilẹ̀ ní ìjókòó nílé ìgbìmọ̀ nígbà tí wọ́n búra fún un. Kí ìdìbò ìfọkàntán tirẹ̀ tó dé ní Red Deer ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ó ti lọ káàkiri ìpínlẹ̀ náà, tó ń bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣèpàdé láti ìlú dé ìlú, ó sì gba ìdá 91.5.